Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀kadà mi ń gbọ̀n lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ táyà, ṣé mo lè bálánsì ẹ̀ fúnra mi nílé?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹja ni mo máa ń gbé láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú, ọ̀nà Ìtòkín ni mò ń gbà, Boxer ni mò ń gùn, ẹlẹ́sẹ̀ sípóòkù, rímù 17. Mo pààrọ̀ táyà iwájú àti túùbù ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, látìgbà yẹn tí eré bá ti ń wọ 65 sí 80 báyìí, háńdù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, gbogbo iwájú á máa ta sókè ta sílẹ̀, tí n bá ti rọ̀ ọ́ wá sí 50 á dákẹ́. Kí n tó pààrọ̀ táyà kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Mo padà sọ́dọ̀ fọ́kanáísà tó bá mi fi sí i, ó ní ọ̀kadà kì í ní bálánsì, ìyẹn kí wọ́n mú kí ìwúwo ẹsẹ̀ dọ́gba yíká, mọ́tò nìkan ló ni ín, ó ní ọ̀nà ni ò dáa. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yẹn ò dáa ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn náà ṣáà ni mò ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo tún lọ bá àwọn tó ń ṣe alignment mọ́tò, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ò lè di ẹsẹ̀ ọ̀kadà mú, pé ihò àárín ẹ̀ kéré jù. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an nítorí kúlà tó wà lẹ́yìn mi wúwo, trailer sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹnì kan wá sọ pé èèyàn lè ṣe é nílé láìsí ẹ̀rọ kankan, ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo máa nílò?

Mẹkáníìkì Ìtòkín:
Òótọ́ ni àbúrò, ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kan bálánsì. Kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n ẹ́ tàbí ẹ́ńjìnnì. Tó o bá dé ibi tí ọ̀nà ti gún tí kò sí mọ́tò lẹ́yìn ẹ, sá a dé eré tó ti máa ń gbọ̀n yẹn, wá fa kílọ́ọ̀ṣì kí o sì dá iná padà, jẹ́ kó máa fi eré yẹn lọ fúnra ẹ̀. Tí gbígbọ̀n yẹn bá dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni o. Tó bá ṣì ń gbọ̀n tó sì ń dín kù bí eré ṣe ń dín kù, ẹsẹ̀ ni. Má ṣe yọ ọwọ́ kúrò lórí háńdù torí pé o fẹ́ dán nǹkan wò o, mo bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ọ̀kadà sórí dọ́bù sítáńdì, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ iwájú fò sókè. Di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí o máa tì í sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń mì kóńkó lọ́wọ́ ẹ, bẹ́ríìnì ti lọ nìyẹn, kò sí bálánsì tó máa bá ẹ wò ó. Mú sípánà kékeré kí o máa fi kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó le á dún tííìn, èyí tó ti tú á dún kọ́. Wá so igi ìgbálẹ̀ kan mọ́ fọ́ọ̀kù kí orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rímù, yí ẹsẹ̀ kí o máa wo àlàfo àárín wọn. Tí àlàfo yẹn bá ń ṣí tó sì ń pa dé jù mìlímítà 2 lọ, rímù ti wọ́, lọ bá àwọn tó ń na rímù.

Ìkẹyìn, wo ara táyà níbi tó ti pàdé rímù, wàá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí i ká. Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ jìnnà sí rímù bákan náà yíká. Tó bá wọlé lápá kan tó yọ síta lápá kejì, táyà ò tíì jókòó dáadáa, ọ̀pọ̀ táyà tuntun tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé ó ń gbọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń wá. Tú afẹ́fẹ́ ẹ̀, fi omi ọṣẹ pa á yíká, kí o wá fa afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi jókòó, má kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà.

Ọlọ́kadà Àgbádárìgì:
Ẹ̀yin ará mi, mi ò fẹ́ ká máa dààmú ara wa lórí nǹkan tí ò tó nǹkan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun ọ̀kadà ní Àgbádárìgì títí dé Sẹ̀mẹ̀, mi ò rí ẹni tó bálánsì táyà rí, a ṣáà ń ná ọ̀nà. Kó lọ pààrọ̀ táyà yẹn, táyà burúkú ni wọ́n tà fún un. Ohun tó lè wúwo jù lára táyà tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ṣé ó tó nǹkan tó lè gbọn ọ̀kadà odindi?

Olùkọ́ Físíìsì, Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó tó o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní gíráàmù 20 péré ni apá kan fi wúwo ju apá kejì lọ létí rímù 17. Tí ọ̀kadà bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ yẹn ń yí nǹkan bí ìgbà 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, gíráàmù 20 yẹn á wá máa fa ẹsẹ̀ bíi pé ohun tó ju kílò méjì ààbọ̀ lọ ló so mọ́ ọn, tó bá yí dókè á fà á sókè, tó bá yí wálẹ̀ á fà á wálẹ̀, ìgbà 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá wà ní 40, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ ló kù, ọwọ́ yín lè má tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí eré ẹ̀ ò kọjá 40 láàárín ìgboro lè gun ọ̀kadà ọjọ́ pípẹ́ láìmọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ò dọ́gba. Ẹlẹ́ja ní tirẹ̀ ń sáré lójú ọ̀nà gígùn, ìyẹn ló fi ń mọ̀ ọ́n lára.

Bàbá Ìbejì, Agbówà:
Ẹ ṣeun olùkọ́. Ẹlẹ́ja, bí mo ṣe máa ń ṣe tèmi nìyí, fara balẹ̀ kà á. Tú ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀ pátápátá, yọ wáyà máìlì, yọ páànù búréèkì kúrò lára ẹ̀ nítorí ó máa ń di ẹsẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kó yí fàlàlà, yọ rọ́bà tó bo bẹ́ríìnì náà tó bá ṣeé yọ láìya. Tí gírísì inú bẹ́ríìnì bá ti gbẹ tàbí tó ti ki, nù ún kúrò kí o kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, tó o bá parí iṣẹ́ o máa padà fi gírísì sí i. Ọ́ìlì ò gbọdọ̀ kan inú ibi tí búréèkì ti ń fọwọ́ bà á o, ó ti ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ti ṣáàfù ẹ̀ bọ àárín ẹ̀ padà, wá àga onígi méjì tí gíga wọn dọ́gba, tàbí búlọ́ọ̀kù, kí o gbé orí ṣáàfù méjèèjì lé wọn kí ẹsẹ̀ wà láàárín láìkan nǹkan kan. Ibi tó tẹ́jú dáadáa ni o, kó má sì jẹ́ níta tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, atẹ́gùn tó ń wá látojú ọ̀sà yẹn tó láti yí i.

Fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ kí o jọ̀ọ́ ẹ̀. Á yí, á yí, á padà díẹ̀, á dúró. Ibi tó bá dúró nísàlẹ̀ ni apá tó wúwo. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òkè gan-an, òdìkejì ẹ̀. Tún un yí, tí àmì yẹn bá tún padà sókè, ó dájú. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibi tó wù ú ló ń dúró sí, bẹ́ríìnì ló ń dì í mú tàbí kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ tiẹ̀ dọ́gba tẹ́lẹ̀. Wá fi téèpù lẹ nǹkan kékeré mọ́ ibi àmì yẹn, nọ́ọ̀tì kékeré tó bẹ́ẹ̀, gbé àmì náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó wà bí aago mẹ́ta kí o fi í sílẹ̀. Tí àmì bá gòkè, ohun tó o lẹ̀ ò tíì tó, tó bá sọ̀ kalẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Bó o ṣe máa fi kún un tí wàá yọ níbẹ̀ nìyẹn títí tó fi jẹ́ pé ibikíbi tó o bá gbé e sí, ibẹ̀ ló ń dúró. Ìgbà yẹn ni o wá máa fi ojúlówó wéètì rọ́pò nọ́ọ̀tì. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní wéètì tó ń lẹ̀, gíráàmù 5 àti 10 tó wà lórí ìlà, ṣùgbọ́n rímù tó dán tó sì gbòòrò níwọ̀nba nìyẹn wà fún. Ti sípóòkù, òjé ni wọ́n máa ń ká mọ́ ọn, lẹ́bàá rímù gan-an, kì í ṣe láàárín.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ẹ́ pé àfi ẹ̀rọ. Táyà mọ́tò gbòòrò, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń wo apá inú àti apá òde ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, táyà ọ̀kadà tìẹ tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tá a ń ṣe lórí àga yìí tó o.

Ìyá Aláwọ̀n:
Ẹ káàárọ̀ o. Tó bá jẹ́ òjé lẹ̀ ń wá, ẹ wá sọ́dọ̀ àwa tá à ń ta àwọ̀n l'Ẹ̀pẹ́ níbí, òjé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká mọ́ okùn ìsàlẹ̀ àwọ̀n kó lè rì, ó rọ̀, ọwọ́ lásán lẹ lè fi ká a. Àwọn ọmọ tó ń gun ọ̀kadà máa ń wá rà á lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀, mi ò kúkú mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ká a mọ́ sípóòkù, ẹ wá fi póláyà tẹ̀ ẹ́ kó mú dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, májèlé ni òjé o, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ má sì yọ́ ọ nínú ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń se oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Bẹ́ríìnì le, rímù gún, sípóòkù méjì tó tú mo ti fún un. Mo wá gbé e sórí àga bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ, apá ẹnu túùbù ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kì í yẹ̀, ó sì ń wálẹ̀ kíákíá ni. Nọ́ọ̀tì tí mo lẹ̀ sódìkejì ti ń pọ̀ jù lójú mi, kò tíì dọ́gba. Mo wá rí àmì róńdó kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò ṣe lára táyà, òdìkejì ẹnu túùbù ló wà. Ṣé ó ní nǹkan tó ń ṣe?

Mẹkáníìkì Ìtòkín:
Áà! Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Àmì yẹ́lò yẹn ni wọ́n fi ń sọ ibi tí táyà ti fúyẹ́ jù. Ẹnu túùbù ní tirẹ̀ wúwo nítorí irin àti nọ́ọ̀tì tó wà níbẹ̀. Ṣe ló yẹ kí àwọn méjèèjì wà lójú kan náà, kí ibi tó fúyẹ́ gba ẹrù ibi tó wúwo. Tìẹ, wọ́n gbé e sódìkejì ara wọn, apá tó wúwo lára táyà wá lọ bá ẹnu túùbù, méjèèjì jọ ń fa apá kan. Má ṣe kó òjé lé e lórí. Tú afẹ́fẹ́, já etí táyà kúrò lára rímù, yí i kí àmì yẹ́lò wá bá ẹnu túùbù, máa ṣọ́ra kí irin má gé túùbù, kí o sì wo ọfà tó wà lára táyà, ó gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ẹsẹ̀ ń yí sí. Lẹ́yìn náà gbé e padà sórí àga. Táyà tí ò bá ní àmì rárá, tó bá ti ń gbà ju gíráàmù 60 lọ, yíyí náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí táyà lórí rímù kẹ́ ẹ tó wá òjé kún òjé.

Ọlọ́kadà Àgbádárìgì:
Mo ti rí i báyìí. Olùkọ́, ẹ ṣeun fún ìṣirò yẹn, tèmi náà ń gbọ̀n díẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn ni. Mo máa wo àmì yẹ́lò tèmi.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Mo ti yí i, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó ku díẹ̀ kó dọ́gba fúnra ẹ̀, òjé kékeré tí mo rà lọ́wọ́ màmá wa ló parí ẹ̀, mo ká a mọ́ sípóòkù kan. Mo gùn ún dé Ìtòkín láàárọ̀ yìí láìgbé kúlà, 75 ni mo sá, háńdù dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yìn ńkọ́, ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Mo fẹ́ pààrọ̀ òun náà lóṣù tó ń bọ̀.

Bàbá Ìbejì, Agbówà:
Bákan náà ni, àfi pé o máa yọ ṣéènì, o máa yọ páànù búréèkì, kí o sì yọ ibi tí sípírókẹ́ẹ̀tì jókòó sí kúrò pẹ̀lú àwọn rọ́bà ẹ̀, kó ku ẹsẹ̀ nìkan. Kí fọ́kanáísà tó bẹ̀rẹ̀, dúró tì í, fi àmì yẹ́lò hàn án kó gbé e sójú ẹnu túùbù, ìyẹn á dín iṣẹ́ ẹ kù púpọ̀. Tó o bá ń dá a padà, wo ṣéènì kó má le jù kó má sì dẹ̀ jù, kí àmì tó wà létí irin ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì dọ́gba, tí wọn ò bá dọ́gba ẹsẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá tún rò pé bálánsì ni. Fún nọ́ọ̀tì ṣáàfù dáadáa, fi pín-ìn ẹ̀ sí i, tẹ búréèkì lórí ìdúró kó o rí i pé ó ń mú kí o tó jáde. Òjé iwájú yẹn náà, tó o bá ti gbá kòtò ńlá tàbí tó o fọ ọ̀kadà, fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì le.