Nọ́ńbà kan ṣoṣo wo ni ká máa tẹjú mọ́ lórí ọjà ẹ̀lùbọ́?

Alátẹ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀lùbọ́ iṣu là ń dì sínú ọ̀rá, kílò méjì-méjì, à ń gbé e dé Challenge àti Apátá. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń pè. Iye ọ̀rá tí a tà, owó tó wọlé, iye ẹni tó wo status, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, kò sì sí èyí tó ń sọ iṣẹ́ tó kàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, èwo ni?

Oníṣirò Mọ́kọ́lá: Ẹ gbàgbé status, wíwò kì í ṣe rírà. Owó tó wọlé náà máa ń tanni jẹ: ìnáwó kan lè kó ogún ọ̀rá lọ ní Sátidé, kí ẹ rò pé ọjà ń yá, nígbà tí àwọn tó ń ro àmàlà nílé ti ń sá lọ. Ẹ̀lùbọ́ máa ń tán, ẹni tó padà wá ni kí ẹ kà. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ rà lóṣù kan, mélòó ló tún rà kí ọjọ́ 45 tó pé? Nọ́ńbà fóònù ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀, torí Ìyá Ìbejì ò lóǹkà n'Íbàdàn. Bí 40 bá kọ́kọ́ rà ní oṣù kẹta, tí 14 padà, 35 nínú 100 nìyẹn. Ẹ má ṣírò rẹ̀ kí ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún tó kọjá o. Ẹni tó rà lọ́jọ́ 31 ò tíì lo ọjọ́ tirẹ̀ tán.

Àwọn 26 yòókù ni iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Ẹ pè wọ́n. Bí púpọ̀ bá ní iyanrìn ń ta sáwọn léyín, asẹ́ lẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe ìpolówó lẹ máa fi kún.

Ọmọ Gbági: Ibo lẹ ti rí 45, ẹ̀gbọ́n? Kílò méjì nílé ẹni méjì yàtọ̀ sí ti ẹni mẹ́jọ. Ẹ ṣí ìwé àtẹ̀yìnwá, ẹ ka ọjọ́ tó wà láàárín rírà àkọ́kọ́ àti ìkejì, ẹ tò ó láti kékeré dé ńlá, ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Bó bá jẹ́ 30, a jẹ́ pé 45 náà ni.

Ẹ má sì so owó oṣù ọmọọṣẹ́ mọ́ ọn. Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kìlọ̀ irú èyí láti 1975: nọ́ńbà tí a bá ti ń fi darí èèyàn kì í ṣeé gbára lé mọ́. Ọmọ yẹn á pín ọ̀rá méjì tí ẹnì kan rà sí ọjọ́ méjì, ó ti di "ó padà wá." Ẹ̀dínwó náà máa ń fa èèyàn padà, nítorí náà ẹ máa wo èrè tó kù lórí ọ̀rá kan lẹ́yìn owó ọ̀kadà.

Alátẹ Bódìjà: Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn oníbùkà tó ń ra àpò ńkọ́?

Oníṣirò Mọ́kọ́lá: Ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rà. Bẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ ti ilé, wọ́n á gbé nọ́ńbà yín ga lásán. Ní tiwọn, ọ̀sẹ̀ tí wọn ò rà ni kí ẹ kà.