Ìrírí yín lórí MPLS: tunnel dìde, tráfíìkì ò gbabẹ̀

Ọmọ Tanke:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan MPLS (fífi àmì kékeré tí wọ́n ń pè ní label darí dátà láàárín ráútà) àti traffic engineering (fífúnra ẹni yan ọ̀nà tí tráfíìkì máa gbà) rí nínú wa, ìbáà ṣe Ìlọrin, ìbáà ṣe Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, kó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ má kó ìwé wá, ìwé wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Fáíbà wa gba Ìdọ̀fìàn lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ibẹ̀ ló ti ya sí Ọ̀fà, tí apá kejì sì tẹ̀ síwájú lọ sí Òmù-Àrán. A tún ní rédíò tó ta láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, nítorí ọjọ́ tí katapílà bá ń gbẹ́ títì. OSPF, ètò tí àwọn ráútà fi ń wá ọ̀nà, ní tirẹ̀, ọ̀nà tí iye orí rẹ̀ kéré jù ló mọ̀. Gbogbo tráfíìkì ń wọ́ gba fáíbà, fáíbà ń kún dẹ́nu lálaalẹ́, rédíò jókòó lásán. Ọ̀gá ní ká fi RSVP-TE, ètò tó ń la ọ̀nà àkànṣe (tunnel) fún tráfíìkì, darí ti Òmù-Àrán sórí rédíò, ká fi fáíbà sílẹ̀ fún Ọ̀fà.

Kọ́ńtírátọ̀ kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó ṣe é tán, ó ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa: tunnel ti up. Ó gba owó, ó bá tirẹ̀ lọ. Alẹ́ dé, fáíbà tún kún. Mo wọ ráútà Ìlọrin, mo tẹ show mpls traffic-eng tunnels. Kò purọ́ o: Admin up, Oper up, ọ̀nà náà tò sílẹ̀ láti ráútà dé ráútà, label wà níbẹ̀. Mo wá tẹ show interfaces tunnel1, mo wo ìlà tó ń sọ iye tó ń jáde. Òdo. Mo tún un tẹ̀, òdo náà ni. RSVP á la ọ̀nà, á pín label, iṣẹ́ tirẹ̀ parí síbẹ̀. Kí tráfíìkì tó wọ inú tunnel, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún ráútà pé kó máa fi í gbabẹ̀, bóyá pẹ̀lú autoroute announce tàbí static route. Ìlà kan péré ni kò kọ. Mo kọ ọ́, òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ẹ tún rántí pé àlọ nìkan ni tunnel mọ̀. Èyí tó ti Ìlọrin lọ kò ní gbé àbọ̀. Ráútà Òmù-Àrán gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ìyẹn ò pẹ́ wa.

Òjò ló dá wa lágara. Bí èèyàn ò bá fi iye kankan tẹ̀ lé ip rsvp bandwidth, àṣẹ tó ń sọ ìwọ̀n tí RSVP lè pín lórí port, ráútà Cisco á fúnra rẹ̀ mú 75% ìwọ̀n port náà. Port wa ń pe ara rẹ̀ ní 1 Gbps, bẹ́ẹ̀ rédíò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í gbé tó 400 Mbps bí ojú ọjọ́ tiẹ̀ mọ́. A kọ 300 sí i, ọkàn wa balẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá ṣú lápá Ìgbómìnà. Rédíò sọ̀ kalẹ̀ láti 256-QAM sí QPSK, ọ̀nà ìgbédátà tó lọ́ra ṣùgbọ́n tó ń fara da òjò, kó má bàa já pátápátá. Bíìtì mẹ́jọ tó ń gbé lẹ́ẹ̀kan di méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló kù. Síbẹ̀ port ò kú, OSPF ń kí ara wọn láti ìhín dé ọ̀hún, RSVP ń ka 300 rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, tunnel ò sì ṣípò. Àwọn oní-POS ní Òmù-Àrán bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá, ohùn wọn ò sì rọ̀.

Iye tí à ń kọ sí RSVP, inú ìwé nìkan ló wà. Ó dà bí ìwé èrò ní gáréèjì Ọ̀fà: wọ́n kọ èèyàn mẹ́rin sílẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti ka àwọn tó wọlé. Kọ 200 sí tunnel, kó o rọ́ 350 sínú rẹ̀, RSVP ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. QoS, ètò tó ń pín ààyè fún tráfíìkì, ló ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nítorí náà a ṣe shaping (dídín ìyára tráfíìkì kù) sí port rédíò, a fi ohùn àti POS ṣíwájú, a wá kọ script kékeré tó ń fi SNMP bi rédíò léèrè. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ jù, script á pa tunnel náà, tráfíìkì á padà sórí fáíbà. Ó níye ìṣẹ́jú tó ń dúró kó tó jí i padà o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tunnel á máa kú, á máa jí, títí òjò á fi dá. Àwọn rédíò kan wà tó lè fúnra wọn sọ fún ráútà pé agbára àwọn ti dín kù. Tiwa ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àǹtí Gáà Àkànbí:

Ọmọ Tanke, o káre. Tunnel tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní tirẹ̀, títí katapílà fi já fáíbà láàárín Ìlọrin àti Àjàṣẹ́. Fast reroute (ọ̀nà ẹ̀yìn tí ráútà ti pèsè sílẹ̀ kí link tó já) wà lórí ẹ̀, èyí tó wà nínú RFC 4090 (ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì) láti 2005, ó sì sáré yí tráfíìkì sórí rédíò tó gba ọ̀nà míì wọ Àjàṣẹ́. Inú mi dùn. Kò pẹ́ ni ìpè dé láti iléèwé kan ní Ọ̀fà: ping ń lọ, WhatsApp ń wọlé, pọ́tàlì ìforúkọsílẹ̀ ń yí gbirigbiri, kò ṣí.

Mo ní kí wọ́n ping wá láti ráútà tiwọn, size 1500 pẹ̀lú df-bit, tó ń sọ pé kí wọ́n má ṣe gé packet (ìdì dátà) náà sí wẹ́wẹ́. Kò dé. 1400 dé. A ń gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀: 1496 kọjá, 1497 ò kọjá. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Label kan jẹ́ báìtì mẹ́rin. Lójoojúmọ́, label méjì ló wà lórí packet wọn, ti VPN àti ti tunnel, àpapọ̀ 1508. Nígbà tí fáíbà já, fast reroute gbé label kẹta lé e, ó di 1512. Ẹni tó gbé rédíò kalẹ̀ ti fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí 1508 gẹ́lẹ́. Ráútà ò mọ̀, MTU tirẹ̀ (ìwọ̀n packet tó tóbi jù tó lè gbé) ga gan-an, kò sì rí ìdí tó fi máa ráhùn. Rédíò ló ń da packet ńlá nù láìsọ̀rọ̀. A sún un sí 9000, pọ́tàlì ṣí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ máa fi packet ńlá dán ọ̀nà ẹ̀yìn wò kí fáíbà tó já, ẹ jọ̀ọ́. Ping kékeré ò lè sọ òótọ́ fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Odò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tèmi ò tiẹ̀ dìde rárá. Inú GNS3, ètò tó ń ṣe àfarawé ráútà lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń ṣe é, ráútà mẹ́rin, OSPF ń ṣiṣẹ́, LDP tó ń pín label náà ń ṣiṣẹ́, tunnel down ṣáá. Àbí kí n kúkú fò ó, kí n lọ kọ́ segment routing?

Ọmọ Tanke:

Àbúrò, LDP ò kan tunnel yìí, RSVP ló ń gbé e dìde. Wò ó bóyá o kọ mpls traffic-eng tunnels sí ráútà fúnra rẹ̀ àti sí port kọ̀ọ̀kan. Ibi kejì yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ip rsvp bandwidth lórí gbogbo port tó wà lọ́nà. Lábẹ́ OSPF, mpls traffic-eng area 0 àti mpls traffic-eng router-id Loopback0. Tunnel fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ip unnumbered Loopback0.

Segment routing dára, RFC 8402 rẹ̀ jáde ní 2018. OSPF tàbí IS-IS tó jọ ọ́ ló ń gbé label kiri nínú rẹ̀, èèyàn ò nílò LDP tàbí RSVP mọ́, àwọn ráútà àárín ò sì ní máa rántí tunnel kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni mo fẹ́ ṣe lónìí, òun ni màá lò. Àmọ́ àwọn ráútà tó wà nínú àgọ́ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ yẹn ti pẹ́ níbẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ibi tó o bá ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, RSVP ló ṣeé ṣe kó o bá níbẹ̀. Parí láàbù yẹn. Tó bá dìde, jẹ́ kí ping máa lọ, kó o wá pa link kan láàárín, kó o ka iye tó sọnù.

Kó o fi size 1500 ping o, Àǹtí ń wò ọ́.