Ṣé Paul Skenes ti tó gòkè, àbí kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ ní Indianapolis?

BàbáTáyé_Pitt · 6 oṣù karùn-ún 2024

Ẹ kú ilé o gbogbo ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo bésíbọ́ọ̀lù níbí, ẹ wá gbà mí lọ́wọ́ ọmọ mi. Látìgbà tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀ ni ò ti jẹ́ n sinmi, Skenes láàárọ̀, Skenes lálẹ́, "Daddy kí ló dé tí wọn ò tíì pè é," bí ẹni pé èmi ni mo ni Pirates, tíìmù tó ni Skenes. Pitcher ni ọmọ náà, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi tó fẹ́ gbá a. Pittsburgh la wà, àtọdún 2015 la ti wọ playoff (ìdíje ìparí ọdún) kẹ́yìn, nítorí náà ẹ mọ irú ebi tó ń pa wá.

Ohun témi mọ̀ ni pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft 2023, níbi táwọn tíìmù ti ń mú àwọn ọmọ tuntun, láti yunifásítì LSU, mílíọ̀nù 9.2 dọ́là ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́ kó tó bọ́ sórí pápá rárá. Ọmọ ọdún 21. Ní Triple-A, líìgì kékeré tó kángun sí líìgì ńlá, níbi tó ti ń jù fún Indianapolis, lọ́dún yìí ó ti jù nínú gẹ́ẹ̀mù 7, inning 27 àti díẹ̀ (inning 9 ló wà nínú gẹ́ẹ̀mù kan), èèyàn 45 ló ti fi strikeout lé padà sí bẹ́ǹṣì, ERA ẹ̀ 0.99. Fún ẹni tí ò bá mọ̀, iye run (àmì tí wọ́n ń jẹ) tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ pitcher tá a bá ṣírò ẹ̀ sí inning 9 ni ERA, ẹni tó bá ní 3 gan-an gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ń gbé e, èyí tiẹ̀ ò pé ẹyọ kan. Jared Jones, pitcher wa tóun náà jẹ́ ọmọdé, ìparí oṣù kẹta ló ti gòkè, ọjọ́ tó kọ́kọ́ jù ní Miami ó lé èèyàn 10. Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì so èyí mọ́lẹ̀? Ṣé ìdí kan wà témi ò rí ni?

Indy_Ọmọ_Ọ̀ṣun

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Indianapolis ni mò ń gbé, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì ní Victory Field. Ìgbà àkọ́kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì orí koríko ni mo rà, ibi téèyàn ti ń tẹ́ aṣọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún, mi ò rí ju fìlà ẹ̀ lọ. Ìgbà kejì mo san owó gidi, mo lọ jókòó lẹ́yìn catcher, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ pitcher. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò lè mọ̀ lórí tẹlifíṣàn! Ìró ẹ̀ nìkan! Bọ́ọ̀lù ń sá 100 máìlì ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 péré ló sì wà láàárín òun àti onígi, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, gbàà! ó ti wọnú ìbọ̀wọ́. Bàbá òyìnbó kan wà níwájú mi tó ń jẹ hot dog, gbogbo ìgbà tọ́mọ yìí bá ti fẹ́ jù ni bàbá máa ń gbé hot dog ẹ̀ sórí itan, á wò, á tún gbé e.

Àmọ́ eré yẹn kọ́ ló jẹ́ kí n gbà fún un o. Àwọn tó ń ju 100 pọ̀ ní líìgì kékeré, ọ̀pọ̀ wọn ni ò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ tó bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Tiẹ̀, nínú gbogbo gẹ́ẹ̀mù 7 yẹn walk 8 péré ló fún èèyàn (tí bọ́ọ̀lù mẹ́rin bá ti ṣìnà, onígi á kàn rìn lọ lọ́fẹ̀ẹ́, walk nìyẹn). Ó wá tún ní bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní splinker, bí ẹni po sinker mọ́ splitter, oríṣi bọ́ọ̀lù méjì tó máa ń já wálẹ̀, 94, 95 ló ń sá, á máa bọ̀ bíi fastball (bọ́ọ̀lù eré tààrà), tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ onígi á kàn já wálẹ̀ ni, bí ẹni tí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tó gbá afẹ́fẹ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀, ó wá ń wo igi ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni pé igi ló ṣẹ̀ ẹ́ 😂 Kí ló wá kù tí Triple-A fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Alákàrà_DC

Ẹ rọra o. Ẹ ti gbàgbé Stephen Strasburg, pitcher Nationals, ni? Ọ̀dọ̀ wa ní DC níbí náà ni. Oṣù kẹfà 2010, Pirates tiyín yìí gan-an ló kọ́kọ́ kojú, ó lé èèyàn 14 padà, kò fún ẹnì kankan ní walk, gbogbo ìlú gbóná. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn náà ni wọ́n ti la ìgúnpá ẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní Tommy John. Ó padà wá lóòótọ́, ó tiẹ̀ gba MVP (ẹni tó ta yọ jù) nínú World Series, àṣekágbá líìgì, lọ́dún 2019, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ mọ ohun tá a fojú rí láàárín méjì.

David Clyde ńkọ́? 1973, Texas Rangers mú ọmọ ọdún 18 látilé ìwé girama tààrà, kò tó oṣù kan tó jù fún ilé ìwé ẹ̀ kẹ́yìn tí wọ́n fi gbé e sórí pápá líìgì ńlá torí ẹni tó ni tíìmù ń wá owó géètì. Géètì kún lóòótọ́! Kó tó pé ọmọ ọdún 25 ó ti tán ní líìgì ńlá.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ yìí ò ní àkísà kankan. Ta ló ti gbá a nígbàá rí? Ní LSU strikeout 209 lọ́dún kan ṣoṣo, ó dé Triple-A wọn ò tún rí i gbá, bẹ́ẹ̀ wọn ò jẹ́ kó kọjá inning 6 níbẹ̀ rí, wọ́n ń ka bọ́ọ̀lù fún un bí ẹní ń ka oògùn fún aláìsàn. Ọjọ́ tónígi líìgì ńlá bá rí i lẹ́ẹ̀kẹta nínú gẹ́ẹ̀mù kan, tó ti ka gbogbo ọwọ́ ẹ̀ tán, kí ló fẹ́ ṣe?

Gunner_Ìbàdàn

Ẹ dákun mo ṣìnà wọlé ni, mo rò pé Arsenal lẹ̀ ń sọ. Ṣé torí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tí ò tó ọsàn lẹ ṣe ń kọ ìwé báyìí 😭

Indy_Ọmọ_Ọ̀ṣun

Àbúrò jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lé ẹ.

Akáwó

Gbogbo yín ò tíì kan ibi tọ́rọ̀ wà. Owó ni. Ọjọ́ 172 ní líìgì ńlá ni wọ́n ń kà sí ọdún kan, ọdún 6 ló sì gbọ́dọ̀ pé kí player tó lè kó ẹrù ẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Tí wọ́n bá ti pa á mọ́ nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ẹ̀ ò ní pé lọ́dún yìí mọ́, tíìmù á wá lò ó fún ọdún kan gbáko sí i. Wọ́n á ní apá ẹ̀ làwọn ń tọ́jú, ó sì lè jẹ́ òótọ́ náà, torí kò tó inning 7 tó jù lẹ́yìn tí wọ́n mú un lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i bí ìtọ́jú yẹn ṣe bá ìṣirò owó mu?

A ti kọjá ibẹ̀ báyìí, nítorí náà ẹ máa wò ó, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi pè é. Ibi tó máa wá dùn ni pé àdéhùn 2022 láàárín líìgì àtàwọn player ti fi kinní kan síbẹ̀, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì nínú ìbò Rookie of the Year (ẹni tuntun tó dáa jù lọ́dún), wọ́n á ka ọdún kan pé fún un, kódà tó bá jẹ́ oṣù karùn-ún ló dé. Ká ní ọmọ yìí dé ipò yẹn, gbogbo bí wọ́n ṣe pa á mọ́ ti di òfo nìyẹn 😂

ÌyáKẹ́mi_Houston

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ jẹ́ kémi náà dá sí i. Mi ò mọ ERA, àmọ́ mo mọ ìgúnpá. Àbíkẹ́yìn mi ń ju bésíbọ́ọ̀lù, ó sì mọ̀ ọ́n jù fún ọjọ́ orí ẹ̀, kóòṣì ẹ̀ nígbà yẹn á jẹ́ kó jù lọ́jọ́ Sátidé, á tún ní kó wá jù lọ́jọ́ Sunday, àwa náà ń pàtẹ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró níwájú fírííjì, ó ní "Mummy ẹ bá mi dé bọ́tìnnì mi." Ọmọ ọdún 15! Kò lè ká ọwọ́ ọ̀tún dé ọrùn. Dókítà ní iṣan tó so eegun pọ̀ níbẹ̀ ti nà ju bó ṣe yẹ lọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì já. Oṣù mẹ́fà la fi jókòó.

Nítorí náà témi ni pé kí wọ́n pè é, àmọ́ kí wọ́n máa ka bọ́ọ̀lù yẹn lọ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣé iṣan tí wọ́n ní ní Indianapolis yàtọ̀ séyìí tí wọ́n ní ní Pittsburgh ni? Bọ́ọ̀lù kan náà, apá kan náà. Tó bá máa ya, ibi tó bá wà náà ló máa ti ya. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kẹ́ ẹ máa bi wọ́n.

Indy_Ọmọ_Ọ̀ṣun

Mọ̀mí, ẹ ṣé gan-an. Alákàrà, ẹ̀gbọ́n mi, òwe yín dáa, àmọ́ ibo lẹ fẹ́ kó ti rí àkísà? Àwọn tó ń kojú ní Triple-A ò lè fa aṣọ ẹ̀ ya, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀. Ó máa jẹ́ kó mọ́ ọn lára pé tó bá ti ṣìnà pẹ̀lú fastball, ó ṣì máa là á. Lókè, wọ́n á gbá a jáde. Òkè náà ni yóò ti kọ́ èyí tó kù. Strasburg tẹ́ ẹ mú wá kọ́kọ́ jù ní líìgì kékeré ná, ìgúnpá ẹ̀ ṣì já, Clyde ni wọn ò fún láyè rárá. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Alákàrà_DC

Clyde ọ̀tọ̀ lóòótọ́, mo gbà. Èyí tó kù mi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

BàbáTáyé_Pitt · 12 oṣù karùn-ún

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Wednesday ni wọ́n kéde ẹ̀, ọmọ mi gbọ́ nílé ìwé ó sì pè mí níbi iṣẹ́, mo rò pé wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Àná la lọ sí PNC Park, pápá Pirates, Cubs ti Chicago ni wọ́n ń kojú. Èrò tí mo rí níbẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀. Tó bá ti ku strike kan kó lé onígi padà, gbogbo èèyàn á dìde, kódà ìyàwó mi tó ní òun ò mọ ohun tá a wá ṣe náà dìde.

Èèyàn 7 ló lé padà. Bọ́ọ̀lù 17 ló lé ní 100, ọmọ mi ń kà á sókè. Wọ́n sì gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò jáde kúrò lórí pápá) kan lé e lórí o, Alákàrà, mo rántí yín, àkísà àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó bá tún yọjú a máa tò ó síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù 84 tán, wọ́n yọ ọ́ nínú inning karùn-ún, a ṣì wà lókè 6-1. Àwọn tó gba ọwọ́ ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín walk bí ẹní ń pín ìrẹsì níbi ìkómọ, walk, walk, Cubs kàn ń rìn wọlé, òjò tún wá dé, a jókòó wákàtí méjì àti díẹ̀ sábẹ́ òrùlé, ìyàwó mi ń wò mí. 10-9 la fi bọ́.

Fìlà ọmọ mi ṣì tutù lórí rédíétọ̀ báyìí. Ó ní ó jọ pé Chicago ni Skenes máa ti jù tó bá tún kàn án, ṣé ẹnì kan wà ní Chicago tó lè bá wa wo iye tíkẹ́ẹ̀tì?