Ọ̀wọ́n gáàsì: ṣé kí n di ìpín mi mú ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdókòwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mo ra ìpín nínú iléeṣẹ́ kan tó ń wa gáàsì nínú ilẹ̀. Èrò mi ni pé bí gáàsì bá ti wọ́n, èrè dé nìyẹn. Gáàsì wọ́n lóòótọ́, ìpín mi ò mira. Mo wá jókòó ti ìwé ìṣirò owó wọn, mò ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan ọ̀rọ̀ wínníwínní kan nísàlẹ̀: wọ́n ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì ọdún yìí sílẹ̀ ní iye pàtó kan, kí ọ̀wọ́n tó dé. Àyà mi já.

Mo tún wo ẹ̀yìn wò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, iná sọ ní Freeport ní Texas, níbi tí wọ́n ti ń sọ gáàsì di olómi kí wọ́n tó kó o sọ́kọ̀. Gáàsì tí kò rọ́nà jáde mú kí iye rẹ̀ já wálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì gbówó lórí ní Yúróòpù. Ìyẹn ló rú mi lójú jù.

Mo ti ń ro àwọn iléeṣẹ́ tó ni páìpù tí gáàsì ń gbà kọjá, torí owó ìkẹ́rù ni wọ́n ń gbà. Pípín owó náà sí méjì? Kò tó pín.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí n dúró ti iléeṣẹ́ yìí títí àdéhùn iye yẹn yóò fi parí, àbí kí n kó owó mi lọ sí ti páìpù báyìí?

Mo dúpẹ́ ṣáájú o.