Ọjọ́ kẹfà ibà rèé, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òmíràn ṣe?

ìyá_túndùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ẹ dákun ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí ń fọ́ mi, ti ibà lápá kan, ti ìwé èsì lápá kejì.

Ọjọ́ kẹfà tí ara mi ti ń gbóná rèé. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí òtútù á kọ́kọ́ mú mi, eyín mi á máa lu ara wọn, lẹ́yìn náà ooru, lẹ́yìn náà òógùn tí aṣọ á fi rin gbingbin. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni mo ti fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí láàbù, mi ò dúró de dókítà kankan, mo ní kí wọ́n bá mi yẹ màléríà àti táífọ́ọ̀dù wò. Wọ́n gún mi lọ́mọ ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sínú ike pẹlẹbẹ yẹn, ìlà kan ṣoṣo ló yọ, wọ́n ní kò sí màléríà. Wọ́n wá fa díẹ̀ lápá fún Widal, tẹ́ẹ̀sì táífọ́ọ̀dù, ìyẹn ní O 1:160, H 1:80, ẹni tó fún mi níwèé ní "táífọ́ọ̀dù nìyẹn, ó ti wọlé." Mo ra áńtíbáyọ́tíìkì, mo lo ti ọjọ́ méjì, ara fẹ́ balẹ̀ díẹ̀, ni ibà bá tún padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Àná ni mo wá rí dókítà. Ó wo ìwé yẹn, ó ká a pọ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tiẹ̀ bá mi sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí wọ́n fi wo màléríà lábẹ́ máíkíróskóòpù, kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ funfun àti pupa, kí wọ́n tún rọ púpọ̀ sínú ìgò méjì fún culture, láti apá ọ̀tún àti apá òsì o! Èyí tó wá dùn mí jù, ó ní kí wọ́n fi HIV kún un. Èmi! Abilékọ! Mo ní ṣé ó rí nǹkan lójú mi ni.

Kí ló dé tí Widal ò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó yẹn ṣe? Ṣé kò sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n á kàn da ẹ̀jẹ̀ sí tó máa dárúkọ gbogbo àrùn tó bá wà nínú ẹ̀ ni? Mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n gbà á, mo ní ọ̀la ni mo máa padà wá.

ọ̀gá_kọ́lá

Àǹtí mi ẹ má jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ara yín tán jàre. 160 ju 80 lọ, táífọ́ọ̀dù ni. Tèmi lọ́jọ́sí 160 náà ni, mo parí oògùn mi, ó lọ. Ẹ parí oògùn yín.

láàbù_ni_mo_wà

@ọ̀gá_kọ́lá ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lọ ṣe Widal lónìí tí nǹkan kan ò ṣe yín, ó ṣeé ṣe kó ṣì jẹ́ 160 yẹn náà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, ẹ jẹ́ n bá àǹtí sọ ọ́ yé.

Àǹtí, Widal kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Áńtíbọ́dì ló ń wá, ìyẹn ohun ìjà tí ara fúnra ẹ̀ ń rọ tó bá ti kòkòrò pàdé. A máa ń po omi ẹ̀jẹ̀ yín mọ́ omi kan tí òkú kòkòrò wà nínú ẹ̀, tó bá ṣù pọ̀ kóró-kóró a mọ̀ pé áńtíbọ́dì wà, a óò wá máa là á lómi títí tí kò fi ní ṣù mọ́, ibẹ̀ ni 1:160 ti wá. O àti H tó wà níwèé yín, oríṣi áńtíbọ́dì méjì ni. Widal ará Faransé ló gbé e jáde ní 1896, nígbà yẹn ohun ńlá ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé áńtíbọ́dì kì í tètè kúrò lára. Ẹni tó ti ṣe táífọ́ọ̀dù rí, ẹni tó ti gba àjẹsára ẹ̀, ẹni tí ìbátan kòkòrò yẹn ti bá fà á rí, gbogbo wọn lè ní i. Kódà màléríà fúnra ẹ̀ lè mú kí Widal sọ pé bẹ́ẹ̀ ni níbi tí kò ti sí táífọ́ọ̀dù rárá.

Ẹ tún wá wo ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ. Ọjọ́ kìíní! Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí áńtíbọ́dì táífọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, torí náà 160 tí wọ́n rí lọ́jọ́ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ti àtijọ́. Tó bá máa wúlò, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń ṣe é, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá á wà láàárín, a óò wá wò ó bóyá ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Mélòó nínú yín ló ń padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì? Látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò tíì rí ẹyọ kan.

Culture ní tiẹ̀, kòkòrò gan-an ló ń wá, láàyè. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù ò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju bí ẹyọ kan lọ nínú mílílítà kan, ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wá gba mílílítà kan péré mo lè kan ilẹ̀kùn kí n má bá ẹnikẹ́ni nílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba mílílítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá sínú ìgò kọ̀ọ̀kan fún àgbàlagbà. Omi tó ń bọ́ kòkòrò wà nínú ìgò yẹn, a óò gbé e sínú ẹ̀rọ tó gbóná tó ara èèyàn, tí nǹkan kan bá ń dàgbà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń mí síta ni ẹ̀rọ á fi mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ti apá méjì, kòkòrò tó ń gbé lórí awọ wa lè bá abẹ́rẹ́ wọlé, tírú ẹ̀ bá hù nínú ìgò kan tí kò hù nínú èkejì a máa fura sí i pé ará ìta ni. Torí náà tí nọ́ọ̀sì bá fi òwú nu apá yín tó wá dúró kó gbẹ, ẹ má kanjú ẹ, ẹ má sì tún fọwọ́ wá iṣan níbi tó ti nù.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín ni áńtíbáyọ́tíìkì ọjọ́ méjì yẹn. Tó bá ti pa lára wọn, culture lè sọ pé òun ò rí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Ẹ sọ orúkọ oògùn náà fún wọn àti ìgbà tẹ́ ẹ lò ó kẹ́yìn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ká má tan ara wa, láìlo oògùn pàápàá culture máa ń pàdánù bíi mẹ́rin nínú táífọ́ọ̀dù mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí i, ó rí i nìyẹn, a tún lè fi kòkòrò yẹn dán oògùn wò ká mọ èyí tó máa pa á.

Ó ku màléríà. Ike yẹn ò burú o, èròjà kan tí kòkòrò màléríà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, HRP2 là ń pè é. Tí kòkòrò ò bá tíì pọ̀, bíi ti ọjọ́ kìíní yín yẹn, ìlà kejì lè má yọ. Àwọn oríṣi màléríà kan ò tiẹ̀ ní HRP2. Ó tún ní òdìkejì, ẹni tó ti lo oògùn tó ti sàn, ìlà yẹn ṣì lè máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún lọ máa gbé oògùn mì nítorí òkú kòkòrò. Sìláìdì ni tèmi. Màá kán ẹ̀jẹ̀ sí i, màá fi igun sìláìdì míì rò ó yíká kó fẹ̀ díẹ̀, á gbẹ fúnra ẹ̀, màá da aró Giemsa lé e, màá fi omi ṣàn án, màá kán òróró sí i, ó dojú awò. Mo gbọ́dọ̀ wo ó kéré tán ọgọ́rùn-ún ojú ibi kí n tó lẹ́nu láti kọ pé mi ò rí i, ọrùn á sì ti máa dùn mí. Ẹni tó bá fún yín lésì sìláìdì ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ bi í pé ìgbà wo ló gbẹ.

Ẹ̀rọ tó ń dárúkọ gbogbo àrùn? PCR, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń wá DNA tàbí RNA kòkòrò, lè wá oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ àwọn tí wọ́n bá tò fún un nìkan ló mọ̀. Bí ẹni tí wọ́n fún ní fọ́tò kó lọ wá èèyàn láàárín èrò ni, ẹni tí fọ́tò ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹ lè gbá ọ léjìká kó kọjá lọ.

ọ̀gá_kọ́lá

@láàbù_ni_mo_wà ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará láàbù náà lẹ̀ ń tẹ "táífọ́ọ̀dù" sórí ìwé fún wa o, ẹ má wá ju gbogbo ẹ̀bi sórí wa.

láàbù_ni_mo_wà

Ẹ wí i re, mi ò lè jiyàn ẹ̀. Àwọn èèyàn ń béèrè fún un, àwọn míì ń ṣe é, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Culture ní tiẹ̀ ń gba ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró.

abíkẹ́_nọ́ọ̀sì

Màmá Túndùn, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lórí HIV yẹn, kì í ṣe ojú yín ló wò. Ìgbà tí HIV bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, bí ibà lásán ló ṣe máa ń wá fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ara gbígbóná, ọ̀fun dídùn, kókó lọ́rùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó lọ fúnra ẹ̀ bí ẹni pé kò wá rí. Torí náà ibà tí ò bá tètè dárúkọ ara ẹ̀, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, abilékọ o, bàbá àgbà o, gbogbo wa. Ohun tó burú ni pé kò ṣàlàyé, ó yẹ kó tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá.

Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ mọ ohun méjì. Tí kò bá rí i, ìyẹn ò ka àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń gbà ní iṣan apá tó ń wá èròjà ara kòkòrò àti áńtíbọ́dì pọ̀ máa ń rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45 lẹ́yìn tó bá wọ ara, ti ọmọ ìka tó ń wá áńtíbọ́dì nìkan lè tó ọjọ́ 23 sí 90. Tí ìlà bá sì yọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wò yín lójú kó ní ẹ ti ní i. Láti 2019 ni àjọ WHO ti ní tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

ọmọ_ayọ̀

Ọ̀rọ̀ "pọ́sítíìfù" yìí ti fẹ́ pa mí rí. Mo fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n yẹ tèmi wò, wọ́n ní HBsAg, ìyẹn èròjà ara kòkòrò hẹpatáítìsì B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pọ́sítíìfù. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ń wo fóònù ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún dé àárọ̀. Dókítà ẹ̀dọ̀ tí mo wá rí ló ní ṣé ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ní i, mo ní ta ló mọ̀. Ó ní torí ìyẹn ni mi ò ṣe gbọ́dọ̀ pariwo, ara àgbàlagbà tó pọ̀ jù ló máa ń lé e jáde fúnra ẹ̀, tó bá kọjá oṣù mẹ́fà tó ṣì wà níbẹ̀ la ń sọ pé ó ti fìdí kalẹ̀. Mo padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, HBsAg ti lọ, àmọ́ anti-HBs wá di pọ́sítíìfù, mo tún fẹ́ dákú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ni ohun ìjà, òun ló ń fi hàn pé ara mi ti borí ẹ̀, ẹni tó gba àjẹsára náà máa ń ní i. Pọ́sítíìfù kan ń lé mi, pọ́sítíìfù kejì ń gbà mí sílẹ̀, lórí ìwé kan náà! Ẹ máa bi wọ́n pé kí gan-an ló jẹ́ pọ́sítíìfù.

abíkẹ́_nọ́ọ̀sì

@ọmọ_ayọ̀ ẹni tó ń wo fóònù yẹn, mo ti fẹ́ mọ irú ẹ̀ 😒

ìyá_túndùn

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo padà wá jábọ̀. Mo lọ lọ́jọ́ kejì tí mo kọ ọ́, mo jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ẹ̀, apá méjèèjì, HIV náà. Nọ́ọ̀sì nu apá mi ó dúró, mo rántí ọ̀rọ̀ láàbù, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Màléríà ni! Sìláìdì rí i, ìyẹn tí ike ní kò sí. Platelet mi, àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ti wálẹ̀ sí 96, dókítà ní màléríà máa ń fà á bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún un kà. HIV kò sí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn màléríà, ó ní kí n dá áńtíbáyọ́tíìkì dúró ná títí culture á fi sọ tẹnu ẹ̀. Alẹ́ àná ni mo kọ́kọ́ sùn tí aṣọ mi ò rin.

Ìgò méjèèjì ṣì wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún làwọn máa ń fi ṣọ́ ọ. Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí, ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Màmá, kò tíì ké o." Mo ní kó máa bá mi fetí sí i.