Ta ló ti po ìyẹ̀fun pákó mọ́ sìmẹ́ńtì rí?

Ọmọ Oko Bàbá: Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbẹ́ sọ́míìlì Oko Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń la igi, ni mo dàgbà sí ní Èbúté Mẹ́tta. Ẹni tó bá ń gba afárá Third Mainland kọjá á ti rí èéfín wa létí ọ̀sà. Ìyẹ̀fun pákó ni wọ́n máa ń sun níbẹ̀ nígbà yẹn, ó sì máa ń dùn mí. Ta ló ti fi mọ nǹkan rí?

Bíríkìlà Múṣin: Èmi. Ògiri tó dá yàrá sí méjì ni. A pò ó mọ́ iyanrìn àti sìmẹ́ńtì, a mọ búlọ́ọ̀kù. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọnú ẹ̀. Èmi ni mo san owó sìmẹ́ńtì yẹn.

Ìyá Adìyẹ: Ilẹ̀ ilé adìyẹ ni tèmi ń lọ.

Àgbà Káfíńtà: Bíríkìlà, ṣé ẹ rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó pò ó? Ṣúgà àti oje tó wà lára igi kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì gan. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́, kẹ́ ẹ wá sá a. Igi sì yàtọ̀ sí igi, ẹ má da arère pọ̀ mọ́ ìrókò.

Bíríkìlà Múṣin: Ha! Inú àpò la ti dà á tààrà. Ẹ ṣeun, bàbá.

Onílé Ṣúrùlérè: Ilé tó ń wó l'Ékòó ò tíì tó ni? Ikán ńkọ́?

Àgbà Káfíńtà: Màmá, ẹ̀rù yín tọ̀nà. Búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sí níbi tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró, ó sì máa ń fa omi, ẹ má gbé e sí balùwẹ̀. Àmọ́ ó fúyẹ́, ìṣó sì ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Wọ́n ti ń ṣèwádìí bọ́ọ̀dù onísìmẹ́ńtì bẹ́ẹ̀ ní FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó Nàìjíríà tó wà n'Íbàdàn.

Ọmọ Alágbayùn: Ẹ di imú yín o. Ìyẹ̀fun ìrókò máa ń mú bàbá mi sín títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Ìyá Adìyẹ: Ọkọ mi náà! Ojú rẹ̀ á pọ́n.

Onílé Ṣúrùlérè: Ìdí nìyẹn tó fi dáa bí ìjọba ṣe ní kí àwọn onísọ́míìlì Oko Bàbá kó lọ sí Àgbọ̀wà, lápá Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ Oko Bàbá: Màmá, Àgbọ̀wà jìnnà. Àwọn tó ń ti ọmọlanke ńkọ́?

Ọmọ Alágbayùn: Àwọn náà ń mí èéfín yẹn tẹ́lẹ̀.

Bíríkìlà Múṣin: Bàbá Káfíńtà, tí mo bá ti ṣàn án, ọjọ́ mélòó ni kí n sá a?