Omi lẹ́mọ́ọ̀nù mi ń korò bó bá ti sùn mọ́jú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Igi lẹ́mọ́ọ̀nù ẹ̀yìnkùlé wa so wìtìwìtì lọ́dún yìí, mi ò sì fẹ́ kí èso tó dára báyìí ṣòfò.

Ife omi lẹ́mọ́ọ̀nù 1, ife ṣúgà 1 àti ife omi 5 ni mo máa ń pò pọ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú omi náà se ṣúgà títí á fi yòrò, á sì tutù kí n tó dà á pọ̀. Tí a bá mu ún lójú ẹsẹ̀, ó dùn gan-an, òórùn rẹ̀ nìkan tó pe èèyàn. Àmọ́ tó bá ti sùn mọ́jú nínú fíríìjì, ìkorò á wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe kíkan o; kíkan ò dà mí láàmú, torí ẹ̀ la ṣe gbin igi náà. Mo mọ̀ pé awọ funfun abẹ́ èèpo àti kóró tó bá fọ́ máa ń korò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọra fún un lọ́wọ́, tí mo sì ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ dáadáa.

Ṣé ìwọ̀nba tí a máa mu tán lọ́jọ́ kan ni kí n máa fún, kí ìyókù wà lórí igi? Àbí kí n fún gbogbo ẹ̀ kí n jẹ́ kó dì bíi yìnyín? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣé kì í korò tó bá yọ́ tán?